Percy Shaw, ọkùnrin tó la ojú títì lóru

Ẹni tó bá ti gba títì Àjàṣẹ́ wá sí Ìgolo lóru, tó sì tẹ̀ síwájú lọ sí Ṣakété, Pọbẹ̀ àti Kétu, mọ bí òkùnkùn ọ̀nà náà ṣe rí. Ọkọ̀ akẹ́rù á bàjẹ́ sójú títì. Awakọ̀ rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, á wọ inú igbó, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Lọ́sàn-án, ewé tútù lórí ọ̀dà ṣeé rí láti òkèèrè. Lóru, ewé kì í tàn. Ẹni tó ń gun zémidjan bọ̀ kò ní rí ewé, kò sì ní rí ọkọ̀, àfi ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kọlù ú.

Irú ewu yìí náà ló gba ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́kàn ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn. Percy Shaw ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe ló ń ṣe jẹun. Òun ló ṣe gíláàsì kékeré tí wọ́n ń rì mọ́ àárín títì, tí wọ́n sọ ní ojú ológbò. Bí iná ọkọ̀ bá ti kàn án ló ń tàn. Kò lo bátìrì, kò lo epo, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá tan án lálẹ́ tàbí kó pa á láàárọ̀. Ìtàn ọkùnrin yìí yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo awakọ̀ àti oníṣòwò tó ń fi òru rìn, nítorí pé ọgbọ́n tó lò wà nínú àwọn nǹkan tí ó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ wa lónìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ní.

Ọmọ alágbàṣe

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1890 ni wọ́n bí Percy Shaw ní àdúgbò Lee Mount, ní ìlú Halifax, ní agbègbè Yorkshire níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú olókè ni Halifax. Òjò pọ̀ níbẹ̀, kùrukùru pọ̀, èéfín ilé iṣẹ́ aṣọ sì pọ̀ nígbà náà. James Shaw, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbàṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Esther Hannah ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ pọ̀ nínú ilé, owó kò pọ̀. Percy ṣì kéré gan-an nígbà tí ẹbí rẹ̀ kó lọ sí ilé kan ní àdúgbò Boothtown, nínú ìlú kan náà. Ilé yẹn ló gbé títí ó fi kú.

Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe ni gbígbé òwú fún àwọn ahunṣọ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun kúbùsù. Lálẹ́, ó ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò owó ilé iṣẹ́, ó rò pé òun á di akọ̀wé. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san fún akọ̀wé kékeré kò tó nǹkan, ló bá padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fa wáyà, ó kọ́ iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ìgolo á mọ irú ẹni tí à ń wí. Kò sí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, etí wọn ti gbọ́ ibi tó ti bàjẹ́ kí ọwọ́ wọn tó kàn án.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní ọdún 1914, Percy àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe ilé iṣẹ́ kékeré kan, wọ́n ń ṣe àwọn ẹ̀yà irin fún ọta ìbọn. Ogun parí, iṣẹ́ náà sì dín kù. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1929. Percy ti ń sún mọ́ ẹni 40 ọdún, kò ní ìyàwó, kò sì ní ọmọ. Ló bá dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń da ọ̀dà sí ọ̀nà àbáwọlé ilé àwọn èèyàn, ó sì ń tún títì ṣe. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀ kò lè wọ ojú ọ̀nà tóóró, nítorí náà ó fúnra rẹ̀ ṣe kékeré kan tó lè wọ ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó mọ títì dáadáa. Ó mọ bí ọ̀dà ṣe ń rọ̀ nígbà oòrùn, bí omi ṣe ń jókòó sójú ihò, àti bí táyà ọkọ̀ ẹlẹ́rù ṣe ń fọ́ ohunkóhun tí kò bá le. Nígbà tí ọgbọ́n tó sọ ọ́ di olókìkí wá sí i lọ́kàn, ohun tó ti mọ̀ nídìí ọ̀dà ló jẹ́ kó lè ṣe é.

Òru kùrukùru

Percy Shaw máa ń wa ọkọ̀ padà sílé lóru láti apá Bradford, ó ń gba orí òkè Queensbury. Ọ̀nà náà wọ́, ó dà gẹ̀rẹ́, gegele sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kùrukùru bá bò ó, awakọ̀ kì í rí ibi tí títì parí sí. Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba àárín ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní tram, ṣì ń rìn ní Halifax. Ojú irin rẹ̀ máa ń dán bí iná ọkọ̀ bá kàn án, àwọn awakọ̀ sì máa ń tẹ̀ lé dídán yẹn délé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú irin náà, òkùnkùn gba ojú ọ̀nà.

Ìtàn bí ọgbọ́n náà ṣe sọ sí i lọ́kàn pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Àwọn kan ní irin tí wọ́n wú yẹn ló kó o sí ìrònú. Àwọn míì ní pátákó ojú ọ̀nà kan tó ń dán lóru ló rí. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti ológbò. Wọ́n ní lóru ọjọ́ kan tí kùrukùru ṣú, ológbò kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iná ọkọ̀ Shaw kàn án lójú, ojú náà tàn yòò, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé òun ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú gegele.

Ológbò ni àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ wa mọ ohun tí à ń wí tipẹ́tipẹ́. Ọdẹ tó bá ń dẹ ìgbẹ́ òru á so iná mọ́ iwájú orí. Bí iná yẹn bá kàn ojú ẹtu tàbí ti ọ̀yà, ojú náà á tàn bí ẹyin iná. Kì í ṣe pé iná wà nínú ojú ẹran. Ìmọ́lẹ̀ ọdẹ ló wọlé, tí ẹ̀yìn ojú ẹran sì dá a padà tààrà sí ibi tó ti wá. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń so iná mọ́ orí, nítosí ojú ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dúró sápá kan jìnnà sí ọdẹ, kò ní rí ojú ẹran náà bí ọdẹ ṣe rí i.

Díńgí tí a fi ń wo ojú kò lè ṣe irú èyí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń jù ú sí. Gíláàsì tí wọ́n bá yọ lọ́nà tó tọ́, tí wọ́n sì fi nǹkan dídán sí ẹ̀yìn rẹ̀, yàtọ̀. Ibi tí iná bá ti wá náà ló ń dá a padà sí. Kì í ṣe Shaw ló kọ́kọ́ ṣe irú gíláàsì yìí. Oníṣirò owó kan tó ń jẹ́ Richard Hollins Murray, ará Herefordshire, ti ṣe é ní ọdún 1927, wọ́n sì ń lò ó sára pátákó. Ṣùgbọ́n pátákó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni, kò sí táyà tó ń gun orí rẹ̀. Iṣẹ́ tí Shaw dojú kọ ni bí gíláàsì ṣe máa wà láàárín títì gan-an, tí ọkọ̀ á máa gùn ún lójoojúmọ́, tí ẹrẹ̀ á máa bò ó, tí kò sì ní fọ́, tí kò sì ní ṣú.

Ojú tó ń fọ ara rẹ̀

Ọ̀nà tó gbé e gbà rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Ó mú gíláàsì mẹ́rin, ó pín wọn ní méjì-méjì, méjì kọjú sí ẹni tó ń lọ, méjì kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Ó tò wọ́n sínú rọ́bà tó le, tó sì ṣeé tẹ̀. Ó gbé rọ́bà náà sínú àpótí irin tó wúwo, ó wá rì í mọ́ inú ọ̀dà, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló yọ sókè.

Bí táyà bá gùn ún, rọ́bà á tẹ̀ wọlé, gíláàsì á bá a wọlé, irin ló sì máa gba ìwúwo ọkọ̀. Bí táyà bá kọjá, á padà sókè. Bó ṣe ń wọlé tó ń jáde yẹn, etí rọ́bà á nu ojú gíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìpéǹpéjú ṣe ń nu ẹyin ojú wa. Omi òjò tó bá ti kó jọ sínú àpótí irin náà ló fi ń fọ̀ ọ́. Èyí túmọ̀ sí pé bí ọkọ̀ ṣe ń gùn ún tó, bẹ́ẹ̀ ló ń mọ́ tó. Ohun tó yẹ kó bà á jẹ́ gan-an ló ń tún un ṣe.

Ní ọdún 1934, ó gba ìwé ìjọba tó fi hàn pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Ní ọdún kan náà, wọ́n rì lára rẹ̀ sí oríta kan ní Drighlington, láàárín Bradford àti Leeds. Ní oṣù Kẹta ọdún 1935, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Boothtown, ó pè é ní Reflecting Roadstuds Limited. Ilẹ̀ Czechoslovakia ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ra gíláàsì, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn.

Ọjà kò tètè tà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà kò fẹ́ fi owó ìlú sórí ohun tí wọn kò tíì mọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Àwọn míì náà sì ti ń gbé irú tiwọn wá. Ní ọdún 1937, ìjọba ní kí wọ́n jọ rì tiwọn mọ́ ojú ọ̀nà kan náà, kí ọkọ̀ máa gùn wọ́n, kí òjò àti òtútù máa pa wọ́n. Lẹ́yìn ọdún méjì, ti Shaw nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nígbà tí gbogbo iná kú

Ọdún 1939 ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ òfurufú Jámánì má baà rí ìlú láti òkè, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo iná ìta di pípa lálẹ́. Iná òpó títì kú. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ fi nǹkan bo iná iwájú ọkọ̀, kí ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa yọ jáde, kó sì máa dojú kọ ilẹ̀. Nínú oṣù àkọ́kọ́ ogun náà, iye àwọn tó kú sójú títì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti ìgbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Bọ́ǹbù kò tíì máa bọ́ lulẹ̀ níbẹ̀, òkùnkùn ló ń pa wọ́n.

Ìgbà náà ni ìjọba wá rí i pé ojú ológbò ló bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu. Kì í mú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ wá, nítorí náà ọkọ̀ òfurufú kò lè rí i láti òkè. Ṣùgbọ́n iná kékeré tó bá yọ lábẹ́ ìbòrí tó fún awakọ̀ láti rí àárín títì. Ilé iṣẹ́ Shaw bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1947, James Callaghan, tó jẹ́ igbákejì nínú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìrìnnà, tó sì wá di olórí ìjọba ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà, ṣe atọ́nà bí wọ́n ṣe rì í káàkiri títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Boothtown ń ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún, wọ́n sì ń kó o lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Wọ́n tún fi àwọ̀ sọ̀rọ̀. Funfun ló wà láàárín títì. Pupa wà ní etí ọ̀nà, ó ń sọ fún awakọ̀ pé kó má kọjá ibẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè wà ní etí kejì, níbi tí ọ̀nà tó pín sí méjì ti pààlà. Tútù bí ewé wà níbi tí ọ̀nà mìíràn ti yà jáde tàbí tó ti wọlé. Awakọ̀ tí kò rí pátákó kankan lè ka ọ̀nà nínú kùrukùru nípa àwọ̀ nìkan.

Olówó tó dúró sílé

Percy Shaw di olówó, ṣùgbọ́n owó kò mú un kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Inú ilé náà kò ní kọ́tìnnì, kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan wà nínú yàrá kan náà, ìkànnì tí kálukú ń gbé jáde yàtọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ papọ̀ láìsí ohùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá bá a mu bíà níbẹ̀ lálẹ́. Fàájì ńlá kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọn ni ọkọ̀ Rolls-Royce Phantom. Kò fẹ́ ìyàwó rárá títí ó fi kú.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ilé iṣẹ́ rẹ̀, igi ńlá kan wà lórí ilẹ̀ náà, èyí tó máa ń ṣeré lára rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ yí igi náà ká.

Ní ọdún 1965, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè OBE dá a lọ́lá nítorí ọjà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tà fún ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 ló kú nínú ilé Boothtown kan náà, lẹ́ni ọdún 86. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú, wọ́n ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Kí ni èyí kàn wá?

Ẹnìkan lè sọ pé ojú ológbò kò sí lójú títì tiwa, pé kí ni ìtàn òyìnbó yìí fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń kó gàrí láti Ìfọ̀nyìn lọ sí Àjàṣẹ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba ni rírì nǹkan mọ́ títì, kì í ṣe ti aládàáni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ohun tí Shaw rí ni pé lóru, kò tó kí ìwọ rí ọ̀nà. Ó yẹ kí ohun tó wà lọ́nà náà fi ara rẹ̀ hàn ọ́, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ gbé bọ̀.

Irú ọgbọ́n yìí ló wà nínú onígun mẹ́ta pupa tí àwọn awakọ̀ òdìkejì ní Ìdírókò ń pè ní C-caution, tí àwọn tiwa ń fi èdè Faransé pè ní triangle. Kò lo bátìrì, ó ṣeé ká, ó ṣeé lò títí. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú tépù pupa àti funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, àti nínú ẹ̀wù àwọ̀sókè tí wọ́n ń pè ní gilet. Ewé kò lè ṣe iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí 22 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìwé òfin ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò 53 mítà kó tó dúró pátápátá, bí bíréèkì bá dára, tí ilẹ̀ sì gbẹ. Bí awakọ̀ náà bá rí ọkọ̀ tó bàjẹ́ nígbà tó ku 30 mítà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lórí bíréèkì, síbẹ̀ á kọlù ú. Ìdí nìyí tí ìwé kan náà fi ní kí a gbé onígun mẹ́ta sí ibi tó jìnnà tó 45 mítà, ó kéré tán, sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí a kàn gbé e ti ìdí ọkọ̀, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, kò ní àǹfààní. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lẹ́yìn kọ́nà, ẹ gbé e síwájú kọ́nà náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó yí.

Nísinsìnyí, àwọn iná kékeré pẹrẹsẹ tún wà tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ lójú títì tàbí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, tó ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ pupa tàbí ti ọsàn. A lè máa fi iná mànàmáná tàbí oòrùn sọ agbára sínú wọn, ká sì máa tún wọn lò. Wọ́n dára, nítorí pé wọ́n ń tàn kódà fún ẹni tí kò tan iná tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára bá tán nínú wọn, wọ́n di òkúta. Kí ẹni tó bá ní wọn má ṣe torí wọn ju onígun mẹ́ta sílé.

Ohun kan wà tó yẹ ká bẹ̀rù jù ní agbègbè wa. Àwọn kan máa ń tan fìtílà tàbí kí wọ́n dáná sun táyà sẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́. Lójú títì tí epo kpayo ti ń kọjá nínú gàlọ́ọ̀nù lórí alùpùpù, iná ẹlẹ́jò kì í ṣe ìkìlọ̀, ewu mìíràn ni. Epo tó dà sílẹ̀ kò ní béèrè ẹni tó dáná. Nǹkan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tàbí iná oníbátìrì ló yẹ.

Ibi tí ọgbọ́n Shaw ti kù díẹ̀ káàtó náà yẹ ká sọ. Ojú ológbò kò lè dá iná tí kò sí padà. Ọlọ́kadà tó bá pa iná iwájú nítorí pé kò fẹ́ kí gílóòbù tètè jó, tàbí tí iná rẹ̀ ti kú látọjọ́ pípẹ́, kò sí gíláàsì tàbí tépù tó lè kìlọ̀ fún un. Afọ́jú ló ń gun nǹkan lọ. Kó tún iná ṣe kó tó ra ohunkóhun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ àti eruku. Shaw fi ọ̀pọ̀ ọgbọ́n wá bí gíláàsì á ṣe máa fọ ara rẹ̀. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wa àti tépù tó wà níbẹ̀ kò ní ìpéǹpéjú. Àwa la máa fi àkísà tútù nù wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn ìyá wa tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà náà ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ló ń san owó ọkọ̀. Kí ìyá tó ní ẹrù nínú ọkọ̀ bi awakọ̀ léèrè, kó tó gun orí ẹrù rẹ̀ lóru, bóyá onígun mẹ́ta wà níbẹ̀ àti bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn, kì í ṣe àfojúdi. Bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n kúrò lójú ọ̀dà, kí wọ́n lọ dúró nínú koríko. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó dúró sójú títì lóru.

Awakọ̀ tí kò bá tíì ní onígun mẹ́ta, tó sì jẹ́ ewé nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní, kó to ewé náà jìnnà dáadáa, kí ẹnìkan dúró nínú koríko létí ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó máa mì í sí ẹni tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe tán, kí wọ́n kó ewé àti òkúta kúrò kí wọ́n tó lọ. Òkúta tí awakọ̀ kan fi sílẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ lè gbé ọlọ́kadà ṣubú láago mẹ́rin òwúrọ̀, nígbà tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn nílé.